Àwo Òkú, Àwo Alààyè

Obìnrin kan wà tí kò dá jẹun rí títí ó fi darúgbó. Ilé tí wọ́n bí i sí kún fún ọmọ, ọwọ́ wọn a sì máa kọlu ara wọn nínú àwo kan náà. Nígbà tó di ọ̀dọ́mọbìnrin, ó fi ilé yẹn sílẹ̀, ó gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú lọ, ó wọ ilé àwọn Sísítà Kátólíìkì tí kì í jáde. Àwọn yìí kì í kọ́mọ níléèwé, wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì, àdúrà ni iṣẹ́ wọn. Mọ́násítírì ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú kò fi orúkọ yẹn da ẹnu ara wọn láàmú, Ilé Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ obìnrin yìí ní Sísítà Felísítà.

Agogo ló ń jí wọn. Agogo ló ń pè wọ́n wá kọrin Sáàmù, agogo náà ló ń lé wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń yan àkàrà Máàsì, èyí pẹlẹbẹ funfun tí àwọn fádà ń kó lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì agbègbè náà. Wọ́n ń gbin ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń jẹ ohun tí wọ́n gbìn. Wọn kì í jẹ ẹran. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹnì kan ṣoṣo á wà lórí àga gíga, á máa ka ìwé mímọ́ sókè, àwọn yòókù á máa jẹun, wọ́n á máa gbọ́.

Ẹni tó bá wà níta á rò pé ìdánìkanwà nìyẹn. Kò mọ nǹkan kan. Felísítà mọ ẹni tó máa ń mí kanlẹ̀ kó tó mu omi. Ó mọ ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà tí kò sí òkúta nínú rẹ̀. Sísítà Àgátà, tó ti jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì wà lọ́mọge, máa ń fi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí òǹkàwé bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, àwọn méjèèjì á sì tẹ orí mọ́ àwo kí wọ́n má bàa bú sẹ́rìn-ín. Bí ọjọ́ ayé wọn ṣe ń lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá ara wọn sọ kò pọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó dá wà.

Ogbó dé. Ẹsẹ̀ Felísítà wú, ojú rẹ̀ funfun, òòyì ń kọ́ ọ nínú ṣápẹ́ẹ̀lì. Dókítà gun òkè wá láti ìlú, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀.

"Màmá yìí gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹran," ni ó wí. "Ẹran, ẹyin, ẹ̀dọ̀. Kí wọ́n sì máa sinmi dáadáa."

Ìyá Ilé, ìyẹn Sísítà tí wọ́n yàn ṣe olórí wọn, kò jiyàn. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀lé ti pẹ́ láyé, ó sì sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n fún aláìsàn ní ẹran kí ara rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe máa gbé ẹran wọ àárín àwọn tó ti kọ ẹran sílẹ̀? Wọ́n bá tún yàrá kan ṣe fún un ní ìpẹ̀kun ọgbà. Wọ́n gbé tìmùtìmù tuntun síbẹ̀, wọ́n ta aṣọ sójú fèrèsé, wọ́n ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ fún ọbẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ilé sọ fún gbogbo ilé pé, "Ẹ fi Sísítà Felísítà sílẹ̀ kí wọ́n sinmi."

Gbogbo wọn gbà, nítorí ìgbọràn wà lára ohun tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, adìyẹ ni wọ́n gbé wá. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó lá egungun rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí adùn náà fi tán, tí ẹran di nǹkan tó kàn ń jẹ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ òwú.

Sísítà tó ń tọ́jú aláìsàn ló ń gbé oúnjẹ náà wá. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá.

"Ẹ kú ìsinmi, Sísítà. Oúnjẹ yín rèé."

"O ṣé, ọmọ mi. Kí ni wọ́n kà nídìí oúnjẹ lánàá?"

"Ẹ sinmi, Sísítà. Dókítà ní kí ẹ má ṣe wàhálà."

Ilẹ̀kùn á ti padé.

Lọ́sàn-án, bí agogo oúnjẹ bá ti dún, Felísítà á sún àga rẹ̀ mọ́ fèrèsé. Afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn òǹkàwé wá láti òkèèrè, ṣùgbọ́n kò gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá. Ó ń gbọ́ tí ṣíbí ń kan àwo. Àdúrà kan wà tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó jẹun, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo ilé á dáhùn. Felísítà á sọ apá ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, á wá dákẹ́, á dúró. Á dúró títí ọbẹ̀ á fi tutù. Lẹ́yìn náà ni á fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe Àmín.

Kò sí ẹni tó hùwà ìkà sí i. Wọ́n ń fọ aṣọ rẹ̀, wọ́n ń gbá yàrá rẹ̀, oògùn rẹ̀ kì í tán. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá wá yọjú, wọ́n lè fi ìkòkò ọbẹ̀ hàn án, ara wọn á sì yá gágá. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń lù lè pariwo. Ẹni tí wọ́n ń fi adìyẹ tọ́jú, kí ló fẹ́ sọ tí wọn ò ní pè é ní aláìmoore?

Nígbà ọyẹ́, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ agogo òkú. Wọ́n máa ń lù ú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, wọ́n á jẹ́ kó dún tán kí wọ́n tó tún un lù. Felísítà dìde jókòó. Ẹnì kan ti kú nínú ilé yìí. Ta ni? Ó ń to ojú wọn lẹ́sẹẹsẹ lọ́kàn, bó ṣe ń dé orí ojú kan ló ń bẹ Ọlọ́run, kó má jẹ́ eléyìí. Ó retí kí ẹnì kan wá sọ fún un. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn mú, oòrùn rọlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tí olùtọ́jú gbé oúnjẹ dé, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ta ló kú?"

"Ẹ jẹun ná, Sísítà."

Ọjọ́ kejì ló tó sọ ọ́, ó sì ń fi aṣọ nu tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́. "Sísítà Àgátà ni. Nídìí ààrò àkàrà Máàsì ni wọ́n ṣubú sí. A ti sin wọ́n lánàá. Ìyá Ilé ní ká má tètè sọ, kí ara yín má bàa dà rú."

"Ẹ ti sin ín?"

"Ẹ má sunkún, Sísítà. Dókítà ní…"

"Jáde."

Felísítà kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yẹn. Ọmọbìnrin náà jáde. Ó rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Àṣà kan wà nílé àwọn Sísítà yìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, wọn kì í tètè kó àwo rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì. Fún oṣù kan gbáko, wọ́n á máa bu oúnjẹ rẹ̀ sí àyè rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà, wọ́n á gbé àgbélébùú kékeré kan síwájú àwo náà, ẹni tó bá ń wọlé á tẹríba fún àyè yẹn kó tó lọ jókòó. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á gbé ti òkú lọ fún tálákà kan lẹ́nu ọ̀nà. Àṣà tó wuyì ni. Felísítà fúnra rẹ̀ ti tẹríba fún irú àwo bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Tálákà tí wọ́n yàn lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ opó kan tó ń ṣẹ́gi tà. Ọ̀nà igbó tó ń gbà lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn kọjá lẹ́yìn yàrá Felísítà, wáyà ọgbà nìkan ló wà láàárín. Ẹnu obìnrin yìí kì í sinmi. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ojú ẹnì kan ní fèrèsé, ó dúró gbọin.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ yẹn! Ṣé Sísítà ni yín àbí iwin?"

"Sísítà ni mí."

"Ẹ ṣeun. Iwin ì bá ti lé mi." Ó sọ ẹrù igi rẹ̀ kalẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú. "Kí lẹ ṣe tí wọ́n fi tì yín mọ́bí?"

"Wọn ò tì mí mọ́lé, ìyá. Ara mi ni kò yá. Wọ́n ń fún mi lẹ́ran jẹ."

"Ẹran! Ẹ wo ayé mi. Ẹ̀wà òkú ni wọ́n ń fún èmi. Mi ò ní parọ́ o, ó dùn, wọ́n fi epo sí i. Wọ́n ní gbogbo yín lẹ máa ń tẹríba fún àga olóògbé yẹn kẹ́ ẹ tó jẹun. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, títí oṣù á fi pé."

Opó náà na ọrùn, ó wo inú yàrá, ó wo àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Mélòó nínú wọn ló ti wá tẹríba níbí lónìí?"

Felísítà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi kò tíì kú."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Opó náà gbé igi rẹ̀ rù padà. "Ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í nìyẹn, Sísítà mi. Ká ní ẹ ti kú ni, èrò ì bá ti kún iwájú yín." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Felísítà kò rí i bí àwàdà. Ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Òótọ́ ni obìnrin yẹn sọ. Àgátà tó ti wà nínú ilẹ̀ ń bá wọn jẹun, òun tó ń mí kò sí níbẹ̀. Bí òun bá dúró sínú yàrá yìí, bí wọ́n ṣe ní kí òun dúró, ibẹ̀ ni òun máa kú sí, òun nìkan, pẹ̀lú ẹran lẹ́nu. Bí òun bá sì jáde, òun ti ṣàìgbọràn, òun tí kò rìn lọ síbi tí wọn kò rán òun rí látìgbà èwe. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kejì, agogo oúnjẹ dún, olùtọ́jú gbé adìyẹ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Felísítà dúró kí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tán. Ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ó gba àárín ọgbà kọjá, ó sinmi lára igi ìbẹ́pẹ, ó tún rìn. Nígbà tó dé yàrá ìjẹun, òǹkàwé ti wà lórí àga gíga, gbogbo ilé ti ń jẹun.

Ó wo àyè rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n ti sún dí i. Kò sí àyè tó ṣófo bí kò ṣe ti Àgátà. Ó lọ síbẹ̀, ó tẹríba, ó rọra sún àgbélébùú sápá kan, ó jókòó, ó fa àwo náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà.

Òǹkàwé ṣi ọ̀rọ̀ pè, ó tún un pè, ó ṣì í, ó dákẹ́. Gbogbo ṣíbí dúró. Sísítà kan tó ti dàgbà, tí kò da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ oúnjẹ rú rí, kígbe pé, "Sísítà! Àwo òkú nìyẹn!"

"Mo mọ̀," ni Felísítà wí, ẹ̀wà wà lẹ́nu rẹ̀. "Mo rí i pé òun lẹ̀ ń bá jẹun. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá."

Ìyá Ilé mú agogo kékeré tó wà níwájú rẹ̀, ó lù ú, ìyẹn ni pé wọ́n lè sọ̀rọ̀. Ó bi gbogbo wọn pé, "Ta ló lọ bá Sísítà Felísítà jókòó lọ́sẹ̀ yìí?"

Sísítà tó ń bójú tó ọgbà ní òun rò pé àwọn tó ń fọṣọ ni, torí wọ́n máa ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń fọṣọ ní àwọn rò pé àwọn tó ń yan àkàrà Máàsì ni, torí Àgátà wà nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn rò pé àwọn àgbà ni. Olùtọ́jú ń sunkún, ó ní, "Èmi rò pé bí mo bá ti kúrò níbẹ̀ ni àwọn yòókù máa ń wọlé. Mo máa ń sáré jáde kí n lè fún wọn láàyè."

Nínú ilé táwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ì bá ti bi ẹnì kejì, àṣírí ì bá ti tú. Àwọn yìí kò bi ara wọn. Olúkúlùkù ń gbàdúrà fún Felísítà láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì rò pé ẹlòmíì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá Ilé tẹ orí ba. "Èmi náà," ni ó wí, "mo rò pé ẹ̀yin ni."

Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn lẹ́nu ọ̀nà. Sísítà aṣọ́nà lọ, ó padà wá. "Ìyá onígi ni. Ó ń béèrè oúnjẹ rẹ̀. Ó ní ṣé olóògbé ti jí ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Ilé gbé àwo tirẹ̀, tí kò tíì fọwọ́ kàn, ó ní kí wọ́n gbé e fún opó náà. Ó wá yíjú sí olùtọ́jú. "Lọ gbé adìyẹ Sísítà wá."

"Sínú yàrá yìí, Ìyá?"

"Sínú yàrá yìí. Òfin ní kí aláìsàn jẹ ẹran. Kò ní kó dá a jẹ."

Àgbàlagbà tó kígbe lẹ́ẹ̀kan ráhùn pé òórùn ẹran á máa da àwọn láàmú. Ìyá Ilé ní kó fọwọ́ dí imú. Bí wọ́n ṣe gbé adìyẹ wọ àárín àwọn ẹlẹ́wà nìyẹn, láti ọjọ́ náà lọ. Nígbà tó yá tí ẹsẹ̀ Felísítà kò gbé e mọ́, wọ́n ń gbé àwo tiwọn lọ sí yàrá rẹ̀, méjì lónìí, mẹ́ta lọ́la, wọ́n ń jẹun níwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Kò sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ìyá Ilé kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, Felísítà sì forí jì í tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n wọn kò lè hú Àgátà jáde kí wọ́n tún un sin lójú rẹ̀. Ìyẹn lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí àforíjì tó dá a padà.

Ìwọ tí à ń sọ èyí fún, má dá àwọn Sísítà lẹ́bi tán kí o wá nara sùn. Ilé tìrẹ la ń bá wí. O kọ́ yàrá fún ìyá rẹ. O gbé tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀, o gba ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń se ohun tí dókítà ní kó máa jẹ. O ń lé àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, o ní Màmá ń sinmi. Kí ni Màmá ń ṣe látàárọ̀ tó fẹ́ sinmi tó bẹ́ẹ̀? O rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ ń yà kí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ rò pé àbúrò yín ni. Àbúrò yín wà nílùú òyìnbó, ó ń pe fóònù, ó rò pé ìwọ tó o wà nítòsí ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un. Kí ló fẹ́ fi ẹ̀mí gígùn ṣe nínú yàrá yẹn?

A sì mọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tó bá kú, wàá pa màlúù, wàá tẹ àwòrán rẹ̀ sára aṣọ, wàá wólẹ̀ níwájú pósí, o ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ dìde. Ẹni tí kò gbọ́ mọ́ lò ń wólẹ̀ fún. Èyí tó ń gbọ́ wà nínú yàrá, ó sún àga mọ́ fèrèsé, ó ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀.

Kò béèrè ẹran lọ́wọ́ rẹ. Lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ Sátidé tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, bu oúnjẹ tìrẹ sínú àwo, wọ yàrá náà, jókòó, kí o jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Má mú fóònù dání. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ìwọ náà má sọ̀rọ̀. Bó bá bi ọ́ pé kí lo wá ṣe, sọ fún un pé ebi ló ń pa ọ́.